Ta Ni Ààyò Rẹ Nínú Wọn? Àlàyé Lórí Báńdì Rọ́ọ̀kì àti Àwọn Olólùfẹ́ Rẹ̀

Bí ènìyàn bá sọ láàárín àwa Yorùbá pé òun fẹ́ràn orin Ebenezer Obey, kò sí ẹni tí yóò bi í pé èwo nínú àwọn ọmọ báńdì Obey ni ààyò rẹ̀. Obey ni Obey. Orúkọ rẹ̀ ló wà níwájú àwo orin, ohùn rẹ̀ ni à ń gbọ́, iwájú orí rẹ̀ ni a sì ń lẹ owó mọ́ ní òde àríyá. Àwọn tó ń lùlù, tó ń ta gìtá, tó sì ń gbe orin lẹ́yìn rẹ̀ ni Inter-Reformers lápapọ̀, ìwọ̀nba ènìyàn ló sì mọ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Sunny Adé àti African Beats, bẹ́ẹ̀ ló sì rí lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá onífújì. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ fi máa ń rú àwọn ènìyàn wa lójú bí wọ́n bá bọ́ sáàárín àwọn olólùfẹ́ orin rọ́ọ̀kì, tí wọ́n sì rí i pé bí ènìyàn bá ti dárúkọ báńdì tó fẹ́ràn tán, ìbéèrè tó kàn ni pé, "Ta ni tìrẹ nínú wọn?"

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ní ìbéèrè yìí nípa àwọn Beatles, mo dáhùn pé gbogbo wọn ni mo fẹ́ràn. Ẹni tó bi mí wò mí bí ẹni tí kò tíì gbọ́ orin wọn rí. Ó bí mi nínú nígbà náà, nítorí mo rò pé ńṣe ló fẹ́ kí n gbé ẹnì kan ga kí n sì tẹ àwọn yòókù mọ́lẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó yé mi pé ọ̀nà tí mo gbà wọ inú orin náà ló ń bi mí: ta ni etí mi ń tẹ̀ lé nígbà tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ń kọrin lẹ́ẹ̀kan náà? Mo fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà níhìn-ín bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, àwọn Beatles ni n ó sì máa fi ṣe àpẹẹrẹ jù, nítorí pé lára àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin yẹn, tí wọ́n wá láti Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni àṣà yíyan ààyò ti hàn kedere jùlọ.

Àwọn òyìnbó náà ti ń ṣe bíi tiwa tẹ́lẹ̀. Ní Liverpool ní nǹkan bí ọdún 1960, orúkọ ọ̀gá ni wọ́n sábà máa ń fi síwájú orúkọ báńdì. Gerry and the Pacemakers wà níbẹ̀, Rory Storm and the Hurricanes náà wà níbẹ̀, ẹni tó sì ń lùlù fún Rory Storm ni Richard Starkey, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Ringo Starr. Àwọn tó wá di Beatles pàápàá ti jẹ́ Johnny and the Moondogs rí ní ọdún 1959, John Lennon sì ni Johnny yẹn. Nígbà tí wọ́n gba orúkọ tí kò ní ọ̀gá nínú, nǹkan kékeré kọ́ ni wọ́n yí padà. Báńdì náà di ilé tí kò ní baálé kan ṣoṣo, ẹni tó bá sì dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní láti pinnu ẹni tí òun yóò kọ́kọ́ kí.

Ó yẹ kí a mọ iṣẹ́ tí olúkúlùkù ń ṣe kí àlàyé tó kù tó lè yé wa. Gìtá kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fi okùn púpọ̀ dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí orin lè ní ìdúró; John ló ń ta ìyẹn. Gìtá kejì ló máa ń yọ ohùn tín-ín-rín jáde láàárín orin, tó ń dá akọrin lóhùn bí ẹni pé òun náà ní ẹnu. Iṣẹ́ George Harrison nìyẹn. Gìtá báàsì, tí okùn rẹ̀ nípọn tí ohùn rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀, wà lọ́wọ́ Paul McCartney. Ọlọ́wọ́ òsì ni Paul, tó fi jẹ́ pé bí òun àti George bá jọ dúró ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan náà, ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọrùn gìtá àwọn méjèèjì máa ń kọjú sí. Ringo jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ìlù òyìnbó tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ń pè ní jáàsì. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń kọrin. Èyí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, nítorí pé nínú báńdì tí ẹnì kan ṣoṣo ti ń kọrin, ọ̀dọ̀ ẹni náà ni ojú gbogbo ènìyàn máa ń lọ, ọ̀rọ̀ ààyò kò sì ní ìtumọ̀ púpọ̀ níbẹ̀.

Àwa náà ti ní irú báńdì bẹ́ẹ̀ rí nílé. Ní Èkó, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Berkley Jones, Laolu Akins àti Mike Odumosu dá báńdì rọ́ọ̀kì kan sílẹ̀, wọ́n mú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan láti inú orúkọ wọn, wọ́n sì pe báńdì náà ní BLO. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rántí orúkọ yẹn, torí pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà nínú rẹ̀ ní dọ́gbadọ́gba.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Liverpool. Nígbà tí Brian Epstein di máníjà àwọn Beatles, ó ní kí wọ́n bọ́ aṣọ awọ tí wọ́n ń wọ̀, ó sì wọ gbogbo wọn ní kóòtù kan náà. Irun orí wọn náà jọra. Wọ́n wá dà bí ẹni tó wọ aṣọ ẹbí. Ènìyàn lè rò pé èyí yóò mú kí ó ṣòro láti yan ẹnì kan, ṣùgbọ́n òdìkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Lójú òbí tó bá ń kọjá lọ nínú pálọ̀, irun orí mẹ́rin ló wà nínú amóhùnmáwòrán; lójú ọmọ rẹ̀ tó jókòó tì í, ènìyàn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, bí ọmọ náà sì ṣe lè dá wọn mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láìṣì wọ́n pè jẹ́ ẹ̀rí pé ó ti di ará ilé wọn. Ẹni tó ní ààyò ti kọjá ipò ẹni tó kàn gbọ́ orin lórí rédíò.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kejì ọdún 1964, wọ́n kọrin lórí ètò Ed Sullivan ní New York, nǹkan bíi mílíọ̀nù 73 ènìyàn ló sì wò wọ́n káàkiri Amẹ́ríkà. Bí wọ́n ṣe ń kọrin lọ́wọ́, àwọn oníṣẹ́ amóhùnmáwòrán náà ń gbé ojú wọn wá síwájú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń kọ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó kan John, wọ́n fi kún un pé kí àwọn ọmọbìnrin má bínú, ó ti níyàwó. John àti Cynthia ti ṣègbéyàwó láti oṣù kẹjọ ọdún 1962, ṣùgbọ́n Epstein kò fẹ́ kí aráyé tètè mọ̀, torí pé ó mọ ohun tó ń lọ lọ́kàn àwọn olólùfẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọdébìnrin tí wọn kò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún, wọ́n ń fi ààyò wọn dán ìfẹ́ wò láti òkèèrè, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè ṣe wọ́n ní ibi. N kò rí ohun ẹ̀gàn nínú ìyẹn. Àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyẹn ló kọ́kọ́ mọ iyì báńdì náà, àwọn àgbà tó ń fi igbe wọn ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà wá ra àwọn àwo orin kan náà lẹ́yìn ọdún díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwà wá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ojú. Ní ọdún 1964 yẹn kan náà, wọ́n ṣe sinimá àkọ́kọ́ wọn, ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, Alun Owen, sì ti kọ́kọ́ tẹ̀ lé wọn kiri fún ọjọ́ mélòó kan láti mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Láti inú sinimá náà ni àwọn àpèlé tó lẹ̀ mọ́ wọn títí dòní ti rinlẹ̀: John ẹlẹ́nu mímú, Paul arẹwà, George onídàákẹ́jẹ́, Ringo tí gbogbo ènìyàn ń káàánú tí wọ́n sì ń bá rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ń tètè fèsì yóò mú John, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ yóò mú George. Àwọn àpèlé náà wúlò fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a gbà wọ́n bí òtítọ́ pátápátá. Àwọn tó sún mọ́ George sọ pé bó bá ti wà láàárín ọ̀rẹ́, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Paul tí wọ́n ń pè ní arẹwà sì le bí òkúta lórí iṣẹ́. George náà ló ti sọ nígbà kan pé òun fẹ́ràn súùtì rírọ̀ kan tí wọ́n ń tà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni àwọn olólùfẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í jù ú lù wọ́n lórí ìtàgé. Nígbà tí wọ́n dé Amẹ́ríkà, irú èyí tó le ni àwọn tibẹ̀ ní, tó sì ń bà wọ́n lára bí òkò. Nǹkan kékeré tí ààyò bá sọ lẹ́nu kan ni olólùfẹ́ máa ń dì mú báyìí, torí pé ó jẹ́ ohun kan tó jẹ́ ti ẹni yẹn nìkan láàárín àwọn mẹ́rin.

Bí ènìyàn bá fẹ́ fi etí yan, ibẹ̀ ni ìrújú ńlá wà. Lára ọ̀pọ̀ àwo orin Beatles, orúkọ tó wà lábẹ́ orin ni Lennon àti McCartney. John àti Paul ti jọ ṣe àdéhùn láti ìgbà èwe wọn pé bóyá àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ kọ orin kan o, bóyá ẹnì kan ló dá a kọ o, orúkọ àwọn méjèèjì ni yóò wà níbẹ̀. Orin kan wà láti ọdún 1965 tí Paul dá kọ, tó dá kọrin rẹ̀, tó sì jẹ́ pé gìtá rẹ̀ àti àwọn mẹ́rin tó ń ta gòjé òyìnbó nìkan ló wà nínú rẹ̀, tí kò sí Beatle mìíràn níbẹ̀ rárá. Síbẹ̀ orúkọ John wà lára rẹ̀. Ọ̀nà tó rọrùn jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ wọn ni kí ó fetí sí ẹni tí ohùn rẹ̀ ṣíwájú. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó ń ṣíwájú orin náà ló kọ ọ́, tàbí kí ó jẹ́ òun ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ti Ringo, torí pé àwọn yòókù ló sábà máa ń kọ orin fún un, orin kan ṣoṣo sì ni ìpín rẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ nínú àwọn àwo náà. Ẹni tó bá gbọ́ wọn báyìí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan yóò rí i pé orin tí òun ń tún gbé sí i léraléra ti ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo jáde. Ààyò rẹ̀ ti yan ara rẹ̀ nìyẹn, kó tó mọ̀.

Báyìí ni mo ṣe mọ̀ pé George ni tèmi. Òun ni àbúrò láàárín wọn. Ọdún 1940 ni wọ́n bí John àti Ringo, ọdún 1942 ni wọ́n bí Paul, oṣù kejì ọdún 1943 ni wọ́n bí òun. Paul tí wọ́n jọ ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé ìwé ló mú un lọ bá John, John sì kọ́kọ́ kà á sí ọmọdé tó ń tẹ̀ lé àwọn kiri. Yorùbá tó bá ti jẹ àbúrò rí mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí John àti Paul bá ti kó orin wọn kalẹ̀ tán, àyè orin kan tàbí méjì ló máa ń kù fún George, bí ọmọ tó ń dúró kí àwọn ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ mú ẹran. Ní ọdún 1966, ó gba àyè mẹ́ta lórí àwo kan ṣoṣo, tirẹ̀ sì ni wọ́n fi ṣí àwo náà. Ìgbà tó fi máa di ọdún 1969, orin ìfẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ Something ti wà ní ojú kìn-ín-ní rẹ́kọ́ọ̀dù kékeré wọn, ipò tí kò tíì dé rí. Nígbà tí báńdì náà tú ká ní ọdún 1970, àwo mẹ́ta nínú páálí kan ṣoṣo ló gbé jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀pọ̀ nínú orin inú rẹ̀ sì jẹ́ èyí tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún mélòó kan tí kò ráyè gbé e jáde. Ẹni tó bá mú George ní ààyò ti gbọ́ sùúrù nínú gìtá yẹn. Ó kéré tán, èmi gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ Ringo ló máa ń dùn mí jù, nítorí pé kò yẹ kí ó ṣòro fún Yorùbá láti mọ iyì rẹ̀. Ìtàn kan ń lọ káàkiri pé wọ́n bi John bóyá Ringo ni onílù tó dára jù láyé, ó sì dáhùn pé kì í tilẹ̀ ṣe òun ló dára jù nínú Beatles. John kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ ni, inú àwọn ètò apanilẹ́rìn-ín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ló ti jáde, lẹ́yìn tí wọ́n ti yìnbọn pa John ní New York ní ọjọ́ 8 oṣù kejìlá ọdún 1980. Nínú ẹgbẹ́ onídùndún, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, òun ló ń ki ènìyàn, òun ni wọ́n sì ń ná owó fún. Ṣùgbọ́n gúdúgúdú tó wà lọ́rùn ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń sọ ohun kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ni àwọn yòókù fi ń mọ ibi tí wọ́n wà. Gúdúgúdú ni Ringo. Ọlọ́wọ́ òsì ni òun náà, ìlù tí wọ́n tò fún ọlọ́wọ́ ọ̀tún ló sì ń lù, ìdí nìyẹn tí ọ̀nà tó ń gbà yí láti ìlù kan bọ́ sí òmíràn kò fi jọ ti onílù mìíràn. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 1965, ní pápá ìṣeré Shea ní New York, ó lé ní ẹgbẹ̀rún 55 ènìyàn tó wà níbẹ̀, igbe wọn sì bo gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n gbé wá. Ringo ti ṣàlàyé pé ní irú àwọn òde bẹ́ẹ̀, bí àwọn mẹ́ta tó wà níwájú ṣe ń mi ara wọn ni òun ń wò láti ẹ̀yìn kí òun tó mọ ibi tí orin dé. Ẹ fojú inú wò ó: kò gbọ́ wọn, síbẹ̀ ó gbé wọn dúró.

Ìtàn méjì wà nípa ipò onílù yẹn tó fi hàn ohun tí ààyò lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Kí Ringo tó dé, Pete Best ló ń lùlù fún wọn, ojú rẹ̀ sì dára tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé òun ni ààyò ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ní Liverpool. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1962, wọ́n lé e, oṣù méjì péré kí rẹ́kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ wọn tó jáde. Àwọn olólùfẹ́ yarí ní ilé orin Cavern, wọ́n ń pariwo pé Pete làwọn fẹ́ títí láé, pé àwọn kò fẹ́ Ringo láéláé, ẹnì kan sì gbá George lójú títí tó fi dúdú. Pete kò padà. Kò sí ìbò nínú ọ̀rọ̀ ààyò. Olólùfẹ́ lè sunkún, ó lè jà, kò lè yan ẹni tí yóò jókòó sídìí ìlù.

Kò ju ọdún méjì lọ lẹ́yìn náà, Ringo tí wọ́n kọ̀ ti di ẹni tí wọn kò lè ṣe aláìní. Ní oṣù kẹfà ọdún 1964, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ wú, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn nígbà tí ìrìn àjò orin wọn fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Máníjà wọn wá onílù mìíràn, Jimmie Nicol, George sì fárígá pé bí Ringo kò bá lọ, òun náà kò lọ. Wọ́n rọ̀ ọ́ títí ó fi gbà. Nicol wọ kóòtù Ringo, ó lùlù fún wọn ní Denmark, ní Netherlands, ní Hong Kong àti ní Adelaide ní Australia, títí Ringo fi bá wọn ní Melbourne ní ọjọ́ 14 oṣù náà. Onílù tó mọ iṣẹ́ ni Nicol. Fún bí ọjọ́ mẹ́wàá, ó jókòó síbi tí gbogbo ayé ń wò, ó sì tún padà sí ipò ẹni tí ayé kò mọ̀. Àwọn tí Ringo jẹ́ ààyò wọn kò kàn fẹ́ kí ẹnì kan ṣáà jókòó síbẹ̀.

Báńdì kan wà ní New York tó gbé ọ̀rọ̀ yìí kọjá ibi tí ẹnikẹ́ni gbé e dé. Ní ọdún 1973 ni àwọn Kiss bẹ̀rẹ̀ sí í kun ojú wọn ní funfun àti dúdú, olúkúlùkù ní àwòrán tirẹ̀: Gene Simmons ṣe bí ẹ̀mí èṣù, Paul Stanley ya ìràwọ̀ sójú kan, Ace Frehley ṣe bí ẹni tó ti òfuurufú wá, Peter Criss onílù ṣe bí ológbò. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹsàn-án ọdún 1978, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbé àwo orin mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ jáde lọ́jọ́ kan náà, orúkọ báńdì wà lórí gbogbo wọn, ojú ẹnì kan ṣoṣo ló sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Olólùfẹ́ kò ní láti máa ṣàlàyé ààyò rẹ̀ mọ́. Ó lè wọ ṣọ́ọ̀bù kí ó sì fi owó rẹ̀ dáhùn. Orin tó tà jù láti inú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá láti ọwọ́ Frehley, onígìtá tí kì í sábà ṣíwájú orin.

Nígbà tí Criss àti Frehley kúrò, tí wọ́n padà, tí wọ́n sì tún kúrò, àwọn méjì tó kù fi àwòrán ológbò kun ojú onílù mìíràn, wọ́n sì fi ti ará òfuurufú kun ojú onígìtá mìíràn. Ìjà dé láàárín àwọn olólùfẹ́, kò sì tíì parí. Ní ilẹ̀ Yorùbá, èrò àwọn ọ̀gá báńdì náà kò ní ṣàjèjì, torí pé eégún ló ní orúkọ lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó wà lábẹ́ ẹ̀kú lè yí padà láti ìran dé ìran, eégún ilé náà kò yí padà. Ṣùgbọ́n a kì í mọ ẹni tó wà nínú eégún tẹ́lẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ Kiss mọ Frehley, wọ́n mọ bí ìka rẹ̀ ṣe ń rìn lórí okùn, ọwọ́ yẹn ni wọ́n yàn. Ọ̀dọ̀ wọn ni èmi wà nínú ìjà náà.

Nígbà tí àwọn Beatles tú ká ní oṣù kẹrin ọdún 1970, ààyò di ọ̀rọ̀ ẹjọ́. Ẹni tó mú John ń bínú sí Paul, ẹni tó mú Paul ń bínú sí John àti ìyàwó rẹ̀ Yoko Ono, bẹ́ẹ̀ àwọn tí wọ́n ń gbèjà kò bẹ̀ wọ́n níṣẹ́. Nínú gbogbo rẹ̀, Ringo nìkan ló rí àwọn mẹ́ta yòókù kó jọ sẹ́nu iṣẹ́ kan: lórí àwo tó gbé jáde ní ọdún 1973, John kọ orin kan fún un, Paul kọ, George náà kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò jọ wọ sítúdíò lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ọdún yẹn kan náà ni ìdá kan nínú mẹ́rin wọn dé ọ̀dọ̀ wa. Paul wá sí Èkó ní oṣù kẹjọ láti gba àwo orin sílẹ̀ ní sítúdíò EMI ní Àpápá. Méjì nínú àwọn ọmọ báńdì rẹ̀ tuntun ti fi í sílẹ̀ nígbà tí ìrìn àjò kù sí dẹ̀dẹ̀, tó fi jẹ́ pé òun, ìyàwó rẹ̀ Linda àti Denny Laine nìkan ló wá, òun fúnra rẹ̀ ló sì jókòó sídìí ìlù. Àwọn olè fi ọ̀bẹ dá òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ́nà lálẹ́ ọjọ́ kan. Fela fẹ̀sùn kàn án pé orin àwọn aláwọ̀ dúdú ló wá jí, ó di dandan kí Paul gbé ohun tó ti gbà sílẹ̀ fún un gbọ́ kí ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀. Nígbà tí àwo náà jáde ní oṣù kejìlá, orúkọ tó wà lára rẹ̀ ni Paul McCartney and Wings. Ó ti di bíi ti Obey àti Inter-Reformers. Àwo náà tà gan-an, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń béèrè ta ni tìrẹ nínú Wings.

George kú ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 2001. Nígbà tó pé ọdún kan gééré, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ péjọ sí gbọ̀ngàn Royal Albert Hall ní Lọ́ńdọ̀nù láti kọ orin rẹ̀. Ringo wá, Paul náà wá, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó jọ ọ́ bí ìmumu dúró lórí ìtàgé pẹ̀lú gìtá lọ́wọ́. Paul jáde wá pẹ̀lú ukulélè, gìtá kékeré olókùn mẹ́rin tí George fẹ́ràn láti máa ta nílé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin Something, òun nìkan, ní ohùn pẹ̀lẹ́, títí àwọn yòókù fi gbà á lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú ìlù àti gìtá ńlá. Ringo wà nídìí ìlù. Nígbà tí orin náà dé ibi tí gìtá George ti máa ń sọ̀rọ̀, ẹlòmíràn ló ta á, gbogbo wa tí George jẹ́ ààyò wa sì gbọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀.